Tímà Kì Í Yá, Ṣùgbọ́n Ó Lè Pẹ́: Bí Kernel Linux Ṣe Ń Pa Àdéhùn Àkókò Mọ́

Ẹni tó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ètò rẹ̀ bẹ kernel pé kó jẹ́ kí òun sùn fún mílísẹ́kọ́ǹdì 10, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ètò náà jí tó wo aago, mílísẹ́kọ́ǹdì 10 ti kọjá, èlé sì ti gorí rẹ̀. Nígbà mìíràn èlé náà kò tó nǹkan. Nígbà mìíràn ó tó mílísẹ́kọ́ǹdì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní aago kọ̀ǹpútà náà ló bàjẹ́, tàbí pé àwọn tó kọ kernel kò mọṣẹ́ tó. Èrò méjèèjì ni mo fẹ́ takò níhìn-ín. Aago inú kọ̀ǹpútà òde òní dára gan-an, àwọn tó kọ kernel sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àdéhùn tí tímà bá ètò ṣe kò ju ẹ̀gbẹ́ kan lọ: kò ní jí i ṣáájú àkókò tó dá. Bí yóò ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn àkókò náà jẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbà láàyè, kí iná má baà ṣòfò, kí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sì lè ráyè ṣe iṣẹ́ gidi. Àdéhùn yìí wà lákọsílẹ̀ nínú ìlànà POSIX tí Linux ń tẹ̀lé: oorun tí ètò bèèrè kò gbọdọ̀ kúrú ju bó ṣe bèèrè lọ, àfi bí àmì kan (signal) bá jí i.

Kernel ni apá tó jókòó sáàárín ẹ̀rọ gan-an àti gbogbo áàpù tó ń lò ó. Òun ló ń pín CPU, àyè ìrántí àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wọn. Linux ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, nítorí pé gbangba ni wọ́n gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni lè kà á, àti nítorí pé òun ló wà nínú gbogbo fóònù Android. Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí ń ṣẹlẹ̀ lápò ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka àròkọ yìí ní ìṣẹ́jú yìí gan-an.

Aago yàtọ̀ sí tímà

Aago ni à ń bi pé àkókò wo la wà. Tímà ni à ń rán níṣẹ́ pé tó bá di àkókò báyìí, kó ké sí wa. Nǹkan méjì ni wọ́n, ohun tó lè ba ọ̀kan jẹ́ sì yàtọ̀ sí ohun tó lè ba èkejì jẹ́.

Aago kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti ara òkúta quartz kékeré kan tó máa ń gbọ̀n nígbà tí iná bá kàn án. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ka gbígbọ̀n náà. Nínú kọ̀ǹpútà IBM PC tó jáde ní 1981, ẹ̀rọ tó ń kà á ni Intel 8253, ó sì ń ka 1,193,182 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye yìí dà bí ohun tí kò nídìí, ṣùgbọ́n ó nídìí: òkúta tó ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 14.31818 ni wọ́n lò, èyí tó bá ìlànà tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ti Amẹ́ríkà mu, wọ́n wá pín in sí 12. Nígbà tí Pentium dé ní 1993, Intel fi ohun ìkà kan sínú CPU fúnra rẹ̀ tó ń ka gbogbo ìgbésẹ̀ tí CPU náà bá gbé. Láti ìgbà náà, ètò lè wo aago kó sì rí àkókò dé nánósẹ́kọ́ǹdì, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá.

Lóòótọ́, quartz máa ń ṣìnà. Ooru àti ọjọ́ orí ń yí bó ṣe ń gbọ̀n padà. Òkúta tó bá fi 20 ṣìnà nínú mílíọ̀nù kan yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.7 yàtọ̀ sí àkókò tòótọ́ láàárín ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ní NTP, ìlànà tí David Mills gbé kalẹ̀ ní 1985, tí kọ̀ǹpútà fi ń bi àwọn aago tó dára jù ú lọ léèrè lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sì ń fi ìdáhùn wọn tún tirẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ìṣirò náà dé òpin. Ìṣìnà 20 nínú mílíọ̀nù kan yìí, bí a bá wọ̀n ọ́n lórí oorun mílísẹ́kọ́ǹdì 10, kò ju màíkírósẹ́kọ́ǹdì 0.2 lọ, màíkírósẹ́kọ́ǹdì 1,000 ló sì wà nínú mílísẹ́kọ́ǹdì kan. Nítorí náà, ètò tó fi mílísẹ́kọ́ǹdì 4 pẹ́ jí kò lè di ẹ̀bi náà ru òkúta quartz. Ibòmíràn la ó ti wá a.

Tíìkì, àti ìdí tí kernel fi ń ka ọ̀kan lé e

CPU kì í jókòó ti aago kó máa wò ó. Iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Ẹ̀rọ tímà ló ń pè é pé àkókò tó, á sì dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró láti dáhùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpè yìí ń wá léraléra ní ìwọ̀n kan náà, yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Ìpè kọ̀ọ̀kan là ń pè ní tíìkì, HZ sì ni orúkọ tí Linux fún iye tíìkì tó ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí àwọn ẹ̀rọ Intel ìgbà àkọ́kọ́, HZ jẹ́ 100, èyí tó já sí pé mílísẹ́kọ́ǹdì 10 ló wà láàárín tíìkì kan àti òmíràn. Kernel kò lè jí ẹnikẹ́ni láàárín méjèèjì, nítorí pé kò sẹ́ni tó pè é.

Níbí ni pípẹ́ àkọ́kọ́ ti wá. Ká ní ètò bèèrè oorun mílísẹ́kọ́ǹdì 10, tíìkì náà sì ń wá ní mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tó bá fojú lásán wò ó á ní kí kernel ka tíìkì kan péré. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá tíìkì tó ń bọ̀ ku mílísẹ́kọ́ǹdì 9 tàbí ó ku ẹyọ kan. Bó bá ku ẹyọ kan, tí kernel sì jí ètò náà nígbà náà, ó ti yẹ àdéhùn. Nítorí náà, ó ní láti ka tíìkì kan lé e, oorun tí ètò bèèrè ní 10 yóò sì bọ́ sí ibì kan láàárín 10 àti 20. Àwọn kan rí i, wọ́n ní àṣìṣe ìṣirò ni. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti pa àdéhùn mọ́ níbi tí tíìkì ti jìnnà síra báyẹn. Kì í ṣe Linux nìkan: tíìkì Windows máa ń wá ní ìgbà 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí kò bá sí áàpù tó bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn mílísẹ́kọ́ǹdì 15.625 láàárín méjì.

Wọ́n gbìyànjú láti fi agbára yanjú rẹ̀. Nígbà tí Linux 2.6 jáde ní ìparí 2003, wọ́n gbé HZ lọ sí 1000 lórí ẹ̀rọ Intel, tíìkì wá ń dé ní mílísẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan. Ní 2005, nínú 2.6.13, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ẹni tó ń kọ́ kernel jọ lè yàn fúnra rẹ̀, 100, 250 tàbí 1000, wọ́n sì fi 250 ṣe èyí tí yóò wà bí kò bá yan nǹkan kan. Ìpadàsẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì sí ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ti ní tíìkì tó péye jù, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Ìdí ni pé gbogbo tíìkì ló ń jí CPU, kódà nígbà tí kò sí iṣẹ́ rárá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ń gbóná, bátìrì rẹ̀ ń tán, àwọn ètò mìíràn sì ń pàdánù àyè tí ìpè náà gbà. Ìpéye ní iye tó ń náni, àwọn tó ń san án sì ni gbogbo ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí kò nílò rẹ̀ rárá.

Àgbá àwọn gbèdéke

Ohun tó pọ̀ jù lára àwọn tímà inú kernel kì í ṣe oorun. Gbèdéke ni wọ́n. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fi ìdì ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ ìlànà TCP, kernel máa dá tímà kan: bí èsì kò bá dé títí di àkókò báyìí, kó tún un fi ránṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, èsì á dé, kernel á sì pa tímà náà rẹ́ kó tó dún. Sáfà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ń dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú tímà bẹ́ẹ̀, ó sì ń pa wọ́n rẹ́. Ẹni tó bá gbé èyí sọ́kàn á rí i pé ohun tó yẹ kó rọrùn jù lọ ni dídá tímà àti pípa á rẹ́. Bí yóò ṣe dún ní ìṣẹ́jú tó pé gan-an kò jẹ́ nǹkan fún ohun tó ṣeé ṣe kó má dún láéláé.

Ní 1987, George Varghese àti Tony Lauck gbé iṣẹ́ kan jáde tó di ìpìlẹ̀ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kernel fi ń ṣe èyí. Dípò kí a to gbogbo tímà sí ìlà kan láti orí èyí tó súnmọ́ dé èyí tó jìnnà, wọ́n ní ká ní àgbá kan tó ń yí, tó ní ihò púpọ̀ lára. Tímà kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sínú ihò tó bá àkókò rẹ̀ mu; bí àgbá bá yí dé ihò kan, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló tó àkókò. Kò sí títò rárá. Fún àwọn àkókò tó jìnnà, a ó ní àgbá mìíràn tí ihò rẹ̀ gbòòrò jù, ọ̀kan lórí òmíràn.

Linux ayé àtijọ́ lo ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ kan lé e. Bí àkókò tímà kan tó wà nínú ihò gbígbòòrò bá ń súnmọ́, kernel á kó gbogbo ohun tó wà nínú ihò náà jáde, á tún wọn pín sínú àwọn ihò tóóró ti àgbá ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè dún ní àkókò tó pé. Iṣẹ́ ńlá ni, gbèdéke tó sì máa di píparẹ́ ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ fún. Ní 2016, nínú Linux 4.8, Thomas Gleixner tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó mú kíkójáde náà kúrò pátápátá: ihò tí tímà bá bọ́ sí ní ọjọ́ tí wọ́n dá a ni yóò ti dún. Níbi tí HZ bá jẹ́ 1000, tímà tó kù díẹ̀ kó tó mílísẹ́kọ́ǹdì 64 wà nínú ihò mílísẹ́kọ́ǹdì kan. Kọjá ibẹ̀, ihò á di mílísẹ́kọ́ǹdì 8. Láti 512, ó di 64. Láti nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ, ó di 512. Bẹ́ẹ̀ ló ń fi ìlọ́po mẹ́jọ mẹ́jọ gbòòrò, tí pípẹ́ náà fi lè tó ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí a dá.

Mo mọ̀ pé iye yìí á ba ẹnìkan lẹ́rù. Ṣé kernel tí gbogbo ayé gbọ́kàn lé ni yóò máa fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ṣìnà? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó túmọ̀ sí níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan dá gbèdéke ìṣẹ́jú àáyá 10 pé bí sáfà tó wà ní òkèèrè kò bá dáhùn, kí a ka ìpè náà sí èyí tó kú. Kernel ké sí i ní 10.4. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Sáfà tó ti kú láti ìṣẹ́jú àáyá 10 sẹ́yìn ṣì kú. Ẹni tó yan 10 fúnra rẹ̀ kò ní ìdí kan tí kò fi yan 11. Àṣìlóye kan sì wà níhìn-ín tó yẹ kí n ká kúrò: àgbá yìí kọ́ ni oorun áàpù ń gbà kọjá mọ́. Ẹni tó bá kà nípa 12.5 yìí, tó wá lérò pé oorun ìṣẹ́jú àáyá 10 tí ètò rẹ̀ bèèrè ló máa fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́, ti fi nǹkan kan pe òmíràn.

Tímà tí kò dúró de tíìkì

Láti 2006, nínú Linux 2.6.16, Gleixner àti Ingo Molnar ti yọ oríṣi tímà kan sọ́tọ̀, èyí tí wọ́n pè ní hrtimer. Títò ni wọ́n ń to tirẹ̀, lórí igi ìtòlẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú àkókò tó dé nánósẹ́kọ́ǹdì. Nígbà tó di 2.6.21 ní 2007, ó ṣeé ṣe fún kernel láti sọ fún ẹ̀rọ tímà pé: má dúró de tíìkì, àkókò tímà tó súnmọ́ jù lọ ni kí o pè mí. Nínú ẹ̀dà kan náà ni CPU tí kò níṣẹ́ ti ń ráyè sùn láìsí tíìkì kankan tó ń jí i. Oorun tí áàpù ń bèèrè lónìí, hrtimer ló ń gbé e.

Kí ló wá dé tó ṣì ń pẹ́? Ohun mẹ́ta ló máa ń wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra. Àkọ́kọ́ ni àyè tí kernel fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti 2.6.28 ní 2008, gbogbo ètò lásán ló ní àyè màíkírósẹ́kọ́ǹdì 50 tí tímà rẹ̀ lè fi pẹ́, kí tímà tó súnmọ́ra lè dún papọ̀. Awakọ̀ inú gáréèjì kì í ṣáná sí ọkọ̀ nítorí èrò kan ṣoṣo. Á dúró díẹ̀ kí méjì mẹ́ta kún un, kí epo kan náà lè gbé gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni jíjí CPU lẹ́ẹ̀kan ṣe lè sin ètò mélòó kan, bátìrì á sì pẹ́. Ìkejì ni oorun CPU fúnra rẹ̀: bí ó bá sùn wọra, ó lè gba ọ̀pọ̀ màíkírósẹ́kọ́ǹdì, àní ọgọ́rùn-ún mélòó kan lórí ẹ̀rọ mìíràn, kó tó la ojú tán. Ìkẹta ni ìlà. Tímà dún, ètò ti jí, àmọ́ ètò mìíràn ló jókòó sórí CPU. Ẹni tó jí kò tíì jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Lórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ kún, ibí yìí ni mílísẹ́kọ́ǹdì ti ń sọnù, tímà kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí wọ́n sọ àyè 50 náà di òdo fún gbogbo ètò, kí ìjà parí. Ètò tó bá fẹ́ lè dín àyè tirẹ̀ kù; kernel gbà á láàyè nípasẹ̀ àṣẹ tó ń jẹ́ prctl, ètò tó bá sì wà ní ipò àkókò-gidi (real-time) kò ní àyè kankan rárá. Ṣùgbọ́n láti fi tipátipá ṣe é fún gbogbo áàpù orí fóònù, níbi tí iná kì í ti í wà nígbà gbogbo láti gba agbára sí bátìrì, jẹ́ láti gba owó lọ́wọ́ gbogbo ìlú fún ìpéye tí ẹni méjì péré nílò. Àwọn mìíràn gbà pé CPU tó yára jù á wo àrùn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. CPU tó yára a máa parí iṣẹ́ kíákíá, á sì tún lọ sùn wọra.

Òru tí tímà yá

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣiyè méjì pé ẹ̀gbẹ́ tí kernel ń ṣọ́ nínú àdéhùn yìí ló ṣe pàtàkì, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpin June 2012. Yíyí ayé kì í bá aago átọ́ọ̀mù dọ́gba, nítorí náà a máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún ọjọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún náà bọ́ sí òru 30 June, kété ṣáájú aago 1 òru ní Nàìjíríà. Kernel Linux dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò sọ fún apá tó ń bójú tó hrtimer. Àwọn tímà tó ń fi aago ojú ọjọ́ ṣiṣẹ́ wá ń dún ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú àkókò. Ètò tó bèèrè ìdajì ìṣẹ́jú àáyá jí lójú ẹsẹ̀, ó rí i pé kò tíì sí nǹkan, ó tún bèèrè, ó tún jí lójú ẹsẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, CPU àwọn sáfà káàkiri ayé ń sáré dé góńgó lórí asán. Reddit dákú fún ìgbà díẹ̀. Ètò ìforúkọsílẹ̀ èrò ọkọ̀ òfúrufú Qantas ní Ọsirélíà náà dákú, ọkọ̀ sì pẹ́ gbéra. Ohun tó wò ó sàn rọrùn: kí ẹni tó ń bójú tó sáfà tún aago rẹ̀ dá sí àkókò tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé dídá aago máa ń mú kernel ránṣẹ́ sí hrtimer. Àwọn tímà wọ̀nyí ti ń pẹ́ lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́ láìsí ẹni tó bìkítà. Òru kan ṣoṣo tí wọ́n yá, ìdààmú bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá.

Ohun tó kù lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ètò

Pípẹ́ díẹ̀ a máa di púpọ̀ bí ẹni tó kọ ètò bá jẹ́ kó gorí ara wọn. Ká ní ètò kan gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan ní mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá mẹ́wàá, tó sì ń sọ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí òun tún sùn fún 10. Bó bá ń fi màíkírósẹ́kọ́ǹdì 60 péré pẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá fi máa ṣe é ní ìgbà 360,000, èyí tó yẹ kó jẹ́ wákàtí kan, yóò ti fi ìṣẹ́jú àáyá 21.6 kúrò lójú ọ̀nà, a kò sì tíì ka àkókò tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà. Àtúnṣe rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ kernel. Kí ètò máà sọ iye tó fẹ́ sùn. Kó sọ àkókò tó fẹ́ jí, kó sì máa fi 10 kún àkókò náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ clock_nanosleep ni, pẹ̀lú àmì TIMER_ABSTIME, lórí aago CLOCK_MONOTONIC tí ẹnikẹ́ni kò lè dá padà sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó ṣì lè pẹ́, ṣùgbọ́n pípẹ́ tòní kò ní ru tàná mọ́.

Fún àwọn iṣẹ́ tí pípẹ́ kan ṣoṣo lè ba nǹkan jẹ́, bí ẹ̀rọ tó ń gé irin tàbí apá róbọ́ọ̀tì, ohun tí wọ́n ń wá ni kí pípẹ́ tó burú jù ní ààlà tí a mọ̀; bó ṣe yára tó ní ìpíndọ́gba kì í ṣe ìbéèrè wọn. Nítorí rẹ̀ ni PREEMPT_RT fi wà, iṣẹ́ tó gba nǹkan bí ogún ọdún kó tó wọ inú Linux gan-an nínú ẹ̀dà 6.12 ní 2024. Ó jẹ́ kí ètò tó ṣe pàtàkì lè gba CPU lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú kernel fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe ń ṣe, cyclictest ni kó lò: ó ń sùn, ó ń jí, ó sì ń kọ bó ṣe pẹ́ tó sílẹ̀. Kó fún ẹ̀rọ náà níṣẹ́ tó wúwo, kó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó sì fojú fo iye àárín láti wo èyí tó ga jù lọ. Bí iye yẹn bá ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ lè fara dà lọ, tó sì ti gbìyànjú ipò àkókò-gidi, tó ti dí CPU lọ́wọ́ láti sùn wọra, kó gbé apá iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ kernel, kó fún ẹ̀rọ kékeré kan tí kò sí ètò mìíràn tó ń bá a du CPU.